Ta Ló Sọ Akọni Rẹ Lórúkọ?

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe eré akọni orí tábìlì ní Yábàá, ní Èkó. Mo tún un tò díẹ̀ kí ó lè ṣeé kà.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ooru, ẹ sì kú àmúmọ́ra ariwo jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri yìí. Mo mọ̀ pé eré lẹ bá wá, kì í ṣe àsọyé, nítorí náà mi ò ní pẹ́ lórí ìkíni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín kí ẹ tó kó dáìsì yín jáde: ta ló sọ akọni rẹ lórúkọ?

Mi ò bèèrè pé kí ni orúkọ rẹ̀. Mo ti ń yọjú wo ìwé yín láti ìgbà tí mo ti wọlé. Àwọn orúkọ kan dùn, àwọn kan pa mí lẹ́rìn-ín. Jagunjagun kan wà níbí tó ń jẹ́ Gàrí Ìjẹ̀bú. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé, nínú ayé tí akọni yẹn ń gbé, ẹnu ta ni orúkọ náà ti kọ́kọ́ jáde? Kí ni ẹni náà rí kó tó sọ ọ́? Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é bẹ́ẹ̀, ta sì ni kò gbọdọ̀ dán an wò? Ẹni tó bá lè dáhùn ìwọ̀nyí ti ní ìlànà ìsọmọlórúkọ lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, àkójọ orúkọ ló ní. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni mo wá sọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí kò mọ eré náà ka ọ̀rọ̀ yìí lọ́la, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún un. Ènìyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni adarí eré; òun ló ń ṣàpèjúwe ayé tí ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀, òun náà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọba, lẹ́nu olè, lẹ́nu ìyá alágbo àti lẹ́nu iwin. Olúkúlùkù àwọn yòókù ní akọni tirẹ̀. Bí akọni bá fẹ́ fo odò, dáìsì olójú ogún ni yóò sọ bóyá ó fò ó tàbí ó já sómi. Dungeons & Dragons ló lókìkí jù nínú irú eré yìí; Gary Gygax àti Dave Arneson ló ṣe é, ó sì jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Àlàfo àkọ́kọ́ lórí ìwé akọni ni orúkọ. Mo ti rí àwọn tó fi odidi ìrọ̀lẹ́ kan ṣírò agbára àti ọgbọ́n akọni wọn, tí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí wọ́n ti ń pè wọ́n pé eré ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó dá eré náà sílẹ̀ pàápàá kò fi orúkọ ṣe bàbàrà. Ní ìlú Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, àwọn ọ̀rẹ́ àti àwọn ọmọ ni Gygax kó jọ sídìí tábìlì, àwàdà ni wọ́n sì fi ń sọ akọni lórúkọ. Ọmọ rẹ̀ Ernest ní oṣó kan. Wọ́n da lẹ́tà Ernest rú, ó di Tenser. Jim Ward ka orúkọ ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó di Drawmij. Luke, ọmọ Gygax mìíràn, ní akọni tó jẹ́ elf, ẹ̀dá inú àròsọ tó jọ ènìyàn, tí etí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Lẹ́tà M tó dúró fún ọkùnrin lórí ìwé àti elf tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kà pọ̀, ó di Melf. Vecna, òkú oṣó tó ń dẹ́rù ba àwọn eléré títí dòní, lẹ́tà orúkọ òǹkọ̀wé Jack Vance ni wọ́n yí po. Gygax náà yí tirẹ̀ po, ó pe ara rẹ̀ ní Zagyg.

Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Orúkọ tí wọ́n fi ń dápàárá láàárín ọ̀rẹ́ ti di ohun tí àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà ń pè kíkan-kíkan. Ọfà ásíìdì Melf ṣì wà nínú ìwé òfin. Gàrí Ìjẹ̀bú, fọkàn balẹ̀.

Orúkọ lè di ohun ìní pẹ̀lú. Nínú ẹ̀dà 1974, hobbit, ent àti balrog, àwọn ẹ̀dá inú ìwé àròsọ J. R. R. Tolkien, wà níbẹ̀ gbangba. Nígbà tí àwọn tó ni ẹ̀tọ́ sórí iṣẹ́ Tolkien yarí, hobbit di halfling, ent di treant, balrog sì di balor nígbẹ̀yìn. Ẹ̀dá kan náà ni, aṣọ ló pààrọ̀. Tolkien alára, inú ewì àtijọ́ àwọn ará Àríwá Yúróòpù ló ti ṣa orúkọ àwọn dwarf rẹ̀, àwọn ẹ̀dá kúkúrú onírùngbọ̀n; Gandalf, orúkọ oṣó inú ìwé rẹ̀, náà sì wà lára orúkọ tó wà nínú ewì yẹn. Lóde òní, nínú ẹ̀yà òfin eré tí ẹnikẹ́ni lè mú lò láìgba àṣẹ, wọ́n ti yọ Melf kúrò lára ọfà rẹ̀. Ọfà ásíìdì lásán ló kù. Ní tiwa, kò sẹ́ni tó lè gbé ẹnìkan lọ sí kóòtù pé ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Bánkọ́lé.

Ìwé òfin tó jáde ní 2014 ti kúrò níbi àwàdà. Ẹ lọ ka ohun tó sọ nípa dwarf. Àgbà ìdílé ló ń fún ọmọ lórúkọ, orúkọ tí wọ́n ti ń jẹ́ láti ìran dé ìran ni, ìdílé ló sì ni ín, ẹni tó ń jẹ́ ẹ kọ́. Dwarf tó bá kó ẹ̀gbin bá orúkọ náà, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òfin ò sì ní í gbà á láyè láti jẹ́ orúkọ dwarf kankan mọ́ láyé. Gbólóhùn bíi mẹ́ta nìyẹn, ìtàn sì ti bẹ́ jáde nínú rẹ̀: ta ni dwarf aláìlórúkọ tó ń mu ọtí nìkan ní kọ̀rọ̀ yẹn, kí ló ṣe? Elf ní tirẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ọmọdé títí yóò fi tó nǹkan bí ọdún 100, kó tó wá yan orúkọ àgbà fúnra rẹ̀. Dragonborn, ẹ̀dá tó jọ dírágónì, ń fi orúkọ agbo ilé ṣíwájú orúkọ ara rẹ̀. Tiefling, tí àwọn ènìyàn ń sá fún torí ìwo orí rẹ̀, lè fi ìrètí tàbí ìbànújẹ́ sọ ara rẹ̀ lórúkọ, kó sì máa sapá láti mú un ṣẹ.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo wọn ni gnome. Ìyá á sọ ọ́ lórúkọ, bàbá á sọ ọ́, àgbà ìdílé á sọ ọ́, àwọn àbúrò ìyá àti ẹ̀gbọ́n bàbá kò ní í gbẹ́yìn, tí gbogbo ará àdúgbò á tún fi ìnagijẹ lé e. Nígbà tí mo kà á, mo ní kí wọ́n ṣáà gbé àwo omi síta kí àwọn àlejò sọ owó sí i, ó kù kí wọ́n pe onílù. Ẹni kúkúrú onímú gígùn tó wà nínú ìwé òyìnbó yìí ni ìsọmọlórúkọ rẹ̀ sún mọ́ tiwa jù, tí kò sì sẹ́ni tó pè é ní Yorùbá.

Nígbà tó wá kan èyí tí wọ́n fẹ́ fi pè wá, ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀. Ní 2017, ilé-iṣẹ́ tó gbé ìwé òfin yẹn jáde tún gbé ìwé mìíràn jáde, ojú ewé rẹpẹtẹ nínú rẹ̀ sì jẹ́ orúkọ tí ènìyàn lè fi dáìsì mú láti 1 dé 100. Wọ́n pín orúkọ ọmọ ènìyàn sí ti Lárúbáwá, ti Ṣáínà, ti Faransé, ti Jámánì, ti Gíríìkì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dé apá ibi tiwa, àkọlé kan ṣoṣo ni wọ́n fi síbẹ̀: Niger-Congo. Ẹbí èdè ni Niger-Congo. Èdè tó wà nínú rẹ̀ lé ní 1,500. Yorùbá wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Wolof, Swahili àti Zulu náà wà níbẹ̀. Láti Dakar dé Durban, apẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí, tí wọ́n ní kí a ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Mi ò rò pé wọ́n ṣe é láti fi bú wa. Adarí eré tí wọ́n bá bi lójijì pé “kí ni orúkọ ìyá olóúnjẹ yìí?” nílò orúkọ kan ní kíá, àkójọ sì wúlò fún un. Ṣùgbọ́n dáìsì ló sọ ìyá yẹn lórúkọ. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè kejì, pé ọmọ ta ni, ilẹ̀ ti mọ́ bá a.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé tiwa bí ẹni tó ń kọ òfin eré, ẹ ó rí i pé ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju orúkọ lọ.

Ẹ mú orúkọ àmútọ̀runwá. Bí ọmọ ṣe wá ló sọ ọ́ lórúkọ; bàbá ò yàn án, ìyá ò yàn án. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ jáde ni Ìgè. Ẹni tó dojú bolẹ̀ ni Àjàyí. Ẹni tí ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn, bó bá ṣe ọkùnrin ó di Òjó, bó bá ṣe obìnrin ó di Àìná. Ẹni tó wá pẹ̀lú irun tó ta kókó ni Dàda. Ẹni tó wá nínú àpò omi tí kò fọ́ ni Ọ̀kẹ́. Olúgbódi ni oníka mẹ́fà. Abíọ́nà ni wọ́n bí sójú ọ̀nà, Ọmọ́pẹ́ ló kọjá oṣù rẹ̀ nínú oyún. Táíwò ló kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, torí òun ló rán an wá tọ́ ayé wò. Ìdòwú tẹ̀ lé wọn, Àlàbá tẹ̀ lé Ìdòwú.

Ohun tí mo dábàá nìyí, kí ẹ dán an wò ní ìrọ̀lẹ́ yìí gan-an. Ẹ má fi dáìsì mú orúkọ. Ẹ fi mú ìbí. Ẹ kọ àwọn ọ̀nà tí ọmọ lè gbà wáyé sílẹ̀, kí eléré ju dáìsì rẹ̀, kí ohun tó bá bọ́ sí sọ akọni náà lórúkọ. Ẹni tó bá mú Ìgè ti mọ̀ pé wọ́n ti ń wò ó lójú àrà láti ọjọ́ tó délé ayé. Ẹni tó bá mú Àlàbá, a jẹ́ pé ìbejì kan wà níbìkan, Ìdòwú kan sì wà tí wọ́n jọ ń jà. Ẹ̀gbọ́n mẹ́ta ti wọ inú ìtàn kí adarí eré tó la ẹnu. Bí eléré méjì bá sì fẹ́ ṣe ìbejì, èyí tó ń ṣe Táíwò ni kó máa kọ́kọ́ wọ ihò tí wọn ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò níláti bínú, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rán an wá nìyẹn.

Orúkọ àbíkú ní agbára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń wá ìtàn. Málọmọ́, Dúrójaiyé, Bánjókòó: ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo wọn. Òmíràn jẹ́ ìhàlẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó, Ọba Kòsọ́kọ́, tó jọba láti 1845 títí ìbọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi lé e kúrò nílùú ní 1851, orúkọ àbíkú ló jẹ́ dé orí oyè: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ọ́, nítorí náà má ṣe ìyọnu kú. Ẹ fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún akọni yín, kí adarí eré sì rántí pé àwọn ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀ lọ́run kò tíì gbàgbé àdéhùn. Nígbà tí akọni yẹn bá wà láàárín ikú àti ìyè, tí dáìsì wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó rí i bí gbogbo tábìlì á ṣe dákẹ́.

Orúkọ ìdílé ni èyí tí àwọn eléré máa ń lò láìmọ̀ pé wọ́n ń lò ó. Àyándélé ti ilé onílù wá. Ọdẹ́wálé, ilé ọdẹ. Fágbèmí, ilé ifá. Ògúnbíyìí, ilé ológùn-ún, bóyá alágbẹ̀dẹ. Ọ̀jẹ̀ládé, ilé eégún. Ọ̀nàbánjọ, ilé oníṣọ̀nà. Nínú ìwé òfin, iṣẹ́ akọni àti orúkọ rẹ̀ kò mọ ara wọn. Nílé wa, orúkọ ti sọ iṣẹ́ tí ilé ń retí kí ọmọ ṣe. Àyándélé tó di olórin nínú ẹgbẹ́ akọni kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àyándélé tó di oṣó, tí kò mọ bí wọ́n ti ń di ìlù mú, yóò ní àlàyé ṣe nígbàkígbà tó bá pàdé onílù lójú ọ̀nà, torí onílù yẹn á kí i ní oríkì ilé, á sì dúró kó gbọ́ èsì.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ta ló ń pe ta, nítorí òun ni mi ò rí nínú ìwé òfin kankan. Nínú ìwé, akọni kan, orúkọ kan, ẹnu gbogbo ènìyàn. Nínú ilé wa, ẹnì kan náà ni Àbẹ̀kẹ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà, Adébísí nílé ìwé, Ìyá Ṣadé lọ́jà, Adúmáadán lẹ́nu ìyàwó tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́. Ìyàwó ilé kì í la orúkọ ọmọ tó bá nílé mọ́lẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ó níláti wá orúkọ mìíràn fún un: Ìbàdíàrán, Opeléngé, Eyínafẹ́, Akọ̀wé. Ọgbọ́n orúkọ sísọ tó wà lẹ́nu àwọn ìyàwó ilé kò sí nínú ìwé òfin kankan tí mo mọ̀.

Ẹ wá gbé e sórí tábìlì. Àwọn akọni yín wọ ìlú tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wọ́n rí. Ó di òru, nínú ọjà alẹ́, arúgbó kan tó faṣọ borí pe ọ̀kan nínú wọn ní Àjàní. Kò sí Àjàní lórí ìwé akọni rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yìn ìwé ló kọ oríkì sí. Ìyá tó bí i àti ìyá tó bí ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Adarí eré ò tíì sọ ohunkóhun nípa arúgbó yẹn, síbẹ̀ gbogbo wọn ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà. Tàbí kí ọmọ kékeré kan nínú ààfin pe balógun ní orúkọ gan-an, láìfi oyè ṣíwájú. Yálà ọmọ ọba ni tàbí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́, àwọn akọni sì níláti tètè mọ èyí tó jẹ́ kí wọ́n tó fẹnu kò. Dáìsì kò wúlò níbẹ̀, etí ló wúlò.

Eré òyìnbó pàápàá mọ̀ pé agbára wà nínú orúkọ. Àwọn èṣù inú ìwé wọn ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè wọ́n àti orúkọ àṣírí tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè fi dè wọ́n. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọfọ̀ rí kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. A máa ń kọ́kọ́ sọ fún ewé, fún ejò tàbí fún iná pé a mọ orúkọ tó ń jẹ́ nígbà ìwáṣẹ̀ kí a tó rán an níṣẹ́. Kí ló dé tí a kì í dáhùn ìpè òru tí a kò rí ẹni tó pè? Ẹ jẹ́ kí àwọn oṣó inú eré yín máa bèèrè orúkọ kí wọ́n tó sà sí ènìyàn. Ẹ ó rí i bí àwọn akọni yín yóò ṣe tètè kọ́ bí wọ́n ti ń jẹ́ orúkọ èké.

Ìnagijẹ tún jẹ́ ọ̀tọ̀. D. O. Fágúnwà tẹ ìtàn àwọn ọdẹ tó lọ sí Òkè Lángbòdó jáde ní 1938, ọdún kan náà tí wọ́n bí Gygax. Ẹ wo àwọn tó bá Àkàrà-oògùn rìn: Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ, Ẹfọ́ìyẹ, Àràmàdà-òkùnrin. Ẹni tó bá ti ṣe eré yìí rí á rí i pé ẹgbẹ́ akọni pípé nìyẹn, ó ní olórin, ó ní tafàtafà, ó ní ọlọ́gbọ́n, ó ní ẹni tó gbọ́ èdè ẹranko. Kò sí ìyá tó sọ ọmọ ní Ẹfọ́ìyẹ ní ọjọ́ kẹjọ. Ohun tí ènìyàn ṣe ni ayé fi ń pè é. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fún akọni ara rẹ̀ ní ìnagijẹ. Ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tó bá ṣe nǹkan tó gbàfiyèsí, kí àwọn tó jókòó sídìí tábìlì sọ ọ́. Ohun tó gbàfiyèsí lè jẹ́ pé ó sá, a kì í yàn án.

Ẹ jẹ́ kí n padà sílé, sí Èkó. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé eré, ìlú ńlá kan á ní irú orúkọ kan: elf orúkọ elf, ènìyàn orúkọ ènìyàn. Kò sí bí ará Èkó ṣe lè gba ìyẹn gbọ́. Ẹ rìn láti Ìdúmọ̀tà dé Pópó Àgùdà kí ẹ ka orúkọ tó wà lára ilé. Oníkòyí àti Arómirẹ́ jẹ́ oyè kí wọ́n tó di orúkọ ìdílé. Da Silva àti Pereira bá àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà dé. Williams àti Macaulay bá àwọn Sàró wá láti Freetown. Làmídì, Ràímì àti Búràímọ̀ ti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá wá, ahọ́n Yorùbá sì ti tún wọn ṣe débi pé ọmọ wa ni wọ́n. Àwọn tó ń jẹ́ gbogbo orúkọ wọ̀nyí ti fẹ́ ara wọn, ẹ ò lè fi orúkọ nìkan mọ ẹni tó ń kí yín. Àwọn kan tún pààrọ̀ ọ̀nà. Ní 1894, David Brown Vincent, oníwàásù Onítẹ̀bọmi nílùú yìí, pa orúkọ yẹn tì, ó di Mojọlà Agbébí. Ẹ fojú inú wo akọni kan tó ṣe irú rẹ̀ láàárín ìtàn, tí àwọn tó ń wá a ṣì ń bèèrè orúkọ àtijọ́ kiri.

Ẹ tún wo Ọba Dòsùnmú. Nínú ìwé àdéhùn 1861 tí wọ́n fi gba Èkó, Docemo ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ. Bí adarí eré bá fẹ́ fi hàn pé àjèjì ló kọ ìwé kan tí àwọn akọni rí nínú àpótí, kò níláti sọ ọ́ lẹ́nu. Kó ṣi orúkọ ọba kọ. Ẹni tó bá mọ orúkọ náà yóò bínú, ìbínú yẹn gan-an ni a ń wá.

Ní ti ètè àti etí, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Eré ẹnu ni eré yìí, ẹ pe orúkọ náà sókè kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ má kó Adébáyọ̀, Adébọ́lá àti Adébísí sínú ìtàn kan kí ẹ máa pè wọ́n lódindi. Ẹ ṣe bí a ti ń ṣe nílé, ẹ pè wọ́n ní Báyọ̀, Bọ́lá àti Bísí. Ẹ fi àmì ohùn sí i. Ẹ sì dẹ́kun fífi àmì jíjẹ fáwẹ̀lì (') sí àárín orúkọ kó lè dà bí ti àjèjì. Akọni elf olókìkí kan wà tó ń jẹ́ Drizzt Do'Urden, láti 1988 ni àwọn ènìyàn sì ti ń fara wé e. Níbi tiwa, ohun kékeré yẹn ń sọ pé fáwẹ̀lì kan ti jẹ. Bí kò bá sí fáwẹ̀lì tó jẹ, ẹ yọ ọ́.

Bí àwọn ènìyàn inú ìtàn yín kì í bá ṣe Yorùbá ńkọ́? Ìlànà náà ṣì ń ṣiṣẹ́, àpẹẹrẹ kan rèé. Ká ní àwọn ará omi kan wà tí wọ́n kọ́lé sórí òpó. Bí omi ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ ni yóò sọ orúkọ àkọ́kọ́: Omíkún, Omífà, Omídúró. Orúkọ kejì ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́ ọmọ ní ọkọ̀ wíwà, orúkọ tirẹ̀ ló ń yà á. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá kú, akẹ́kọ̀ọ́ á ju orúkọ kejì sómi, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi pè é mọ́. Òfin mẹ́ta péré nìyẹn. Ẹ ti lè sọ odidi abúlé lórúkọ láìṣí ìwé. Àwọn akọni tó bá sì dé abúlé kan tí gbogbo àgbà ibẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, tí wọ́n kàn sọ pé “Omífà ni mí” tí wọ́n sì dákẹ́, yóò mọ̀ pé nǹkan burúkú ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ròyìn.

Ẹnìkan bi mí níwájú ìta pé ṣé ó tọ́ kí ènìyàn fi Ṣàngó ṣe ọ̀tá nínú eré, kí ó ní iye ẹ̀mí, kí wọ́n fi idà pa á. Mi ò ní ṣe é. Àwọn tó ń bọ ọ́ wà láàyè, àwọn kan lè jókòó sínú yàrá yìí. Ẹ ṣe òrìṣà tiyín, ẹ kọ oríkì fún un, ẹ fún un ní èèwọ̀. Iṣẹ́ pọ̀ nínú ìyẹn ju kí ẹ yá orúkọ lọ.

Ìbéèrè tó kù wá láti ọ̀dọ̀ àbúrò mi tó jókòó lẹ́yìn, tó ń bá àwọn ará òkè òkun ṣe eré lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní akọni òun ń jẹ́ Olúgbódi, ṣùgbọ́n wọn ò lè pè é, “Olu” ni wọ́n ń pè é, ó sì ń dùn ún. Àbúrò, má bá wọn jà. Sọ fún adarí eré pé kó kọ ọ́ sínú òfin: ní ilẹ̀ tí akọni rẹ ti wá, oògùn tí wọ́n bá fi orúkọ tí kò pé sà kì í mú ènìyàn. Lọ́jọ́ tí oṣó wọn bá ká ọ mọ́ kọ̀rọ̀, tó nawọ́ sí ọ, tó sì pariwo “Olu!”, kí ó ju dáìsì rẹ̀ bó bá ṣe wù ú.